Ilé Tí Ń Kán Nínú Ọyẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣakí dé ni, níbi tí mo ti lọ ta aṣọ òfì. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, ó gba ẹrù lórí mi, kò tíì kí mi kú àbọ̀ tán tí ó fi rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá Ìkókó, ilé rẹ ń kán."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, nínú ọyẹ́ yìí? Òjò wo ló rọ̀?"

"Òun náà ni mo ń bi ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sáré sọ. Àwọn ológun kò tíì gbé ìjọba fún alágbádá nígbà náà. Ilé mi ni ilé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ní agboolé wa. Ilé amọ̀ ni gbogbo ìyókù, koríko bẹẹrẹ lórí wọn, àlàfo sì wà láàárín orí ògiri àti òrùlé. Èéfín ń gba ibẹ̀ jáde, àdán ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo kórìíra àdán. Nígbà tí bíríkìlà mọlé dé òkè, ó bi mí pé ibo ni òun yóò dá ihò sí. Mo ní, "Dí gbogbo rẹ̀ pa. Ṣé ahéré ni mò ń kọ́ ni?" Ó dí i. Fèrèsé pákó kékeré kan ṣoṣo ni mo ní kí ó fi sí yàrá. Ògiri kò tíì gbẹ tí a fi kó wọlé, nítorí oyún ìyàwó mi ti pé oṣù, mo sì ti pinnu pé abẹ́ páànù ni a ó ti sọ àkọ́bí mi lórúkọ.

Ẹ mọ bí a ti ń tọ́jú ìyálọ́mọ nílẹ̀ wa. Fún ogójì ọjọ́, òtútù kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ìyàwó mi ti bímọ, Màmá gbé ìkòkò iná èédú sí igun yàrá, àgbo ń hó lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí èmi náà.

Nígbà tí mo wọ yàrá lọ́jọ́ tí mo dé yẹn, ó dà bí ẹni pé mo ki orí bọ ẹnu ẹranko. Mo gbójú sókè. Omi rọ̀ mọ́ abẹ́ páànù bí òógùn iwájú orí. Ọ̀kan já, ó bọ́ sí mi léjìká. Ó tutù. Nǹkan dúdú kan ti ń yọ ní igun ògiri. Mo nù ún, lọ́jọ́ kejì ó tún padà. Aṣọ òfì tí mo kó sínú àpótí ti bu bí èlùbọ́ tí kò rí oòrùn.

Ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. "Bí mo bá lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á fúyẹ́. Bí mo bá padà wọlé, á tún dé."

Màmá wò mí. N kò fẹ́ràn bí ó ti wò mí.

Mo pe káfíńtà. Ó gun òkè, ó wá ihò títí, kò rí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́. "Páànù yín le koko. Òjò kọ́ ló ń kán yìí." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa gbọ́ ni pé nǹkan mìíràn ni. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń wí i káàkiri agboolé pé ilé tuntun ń sunkún. Obìnrin kan bèèrè bóyá wọ́n ti sin òkú síbẹ̀ rí.

Màmá ní ohun yòówù kí ó jẹ́, atẹ́gùn ló ń gbé e wọlé, kí a dí ọ̀nà rẹ̀. A fi àkísà dí etí fèrèsé, a ká aṣọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ihò kan tí bíríkìlà gbàgbé láti dí ló kù, níbi tí páànù ti gun ògiri lẹ́yìn ibùsùn, kò ju ìkúùkù lọ. Màmá wò ó pẹ́.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ó ní. "Kí èéfín rí ibi gbà."

Ó jáde lọ pọn omi, ìyàwó mi sì ti lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo gun àpótí, mo mú ìdì òwú kan, mo ki í bọ ihò náà títí n kò fi rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo ń dáàbò bo ọmọ mi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ìdí òfì ní ìta. Mo ti hun tó ìgbọ̀nwọ́ méjì kí n tó mọ ohun tó ń dà mí láàmú. N kò gbọ́ igbe ọmọ. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí adìẹ sinmi.

"Màmá! Ṣé ọmọ ti mu ọmú?"

"Wọ́n ń sùn," ó dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Fi wọ́n sílẹ̀, ìwọ aláìsinmi."

Mo ti ilẹ̀kùn. Aṣọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dì í mú bí ẹni pé ènìyàn jókòó tì í lẹ́yìn. Mo fi èjìká gbún un. Ìyàwó mi la ojú sílẹ̀, kò lè gbé ọwọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ọmọ rọ̀ jọwọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èédú ń pọ́n roro, páànù ń kán.

Igbe mi ni Màmá gbọ́ tó fi sáré dé. Ó gbá ọmọ mú, ìhòòhò bó ṣe wà, ó gbé e jáde sínú ọyẹ́. Atẹ́gùn tí à ń sá fún lu ọmọ náà lójú. Kò ké. Màmá gbá a nídìí. Kò ké. Mo wọ́ ìyàwó mi jáde, mo ń ka ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì, mo sì ń gbàgbé rẹ̀. Nígbà náà ni ọmọ sín. Lẹ́yìn náà ó ké.

Bàbá arúgbó kan tí ó ń mọ ilé amọ̀ wà lára àwọn tó sáré wá. Ó yọ orí wo yàrá, ó fà á padà kíá.

"Ta ló kọ́ ìṣáasùn yìí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, bí ẹ bá ń se àgbo, tí ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, kí ni ẹ máa ń rí nínú ọmọrí?"

"Omi ni," Màmá dáhùn.

"Ta ló sunkún sí i?"

Ó nawọ́ sí páànù. "Ọmọrí nìyẹn. Ẹ gbé iná sínú ìkòkò, ẹ gbé ènìyàn tì í, ẹ wá dé e. Omi àgbo, èémí wọn, ọ̀rinrin ògiri tútù, ibo ni ẹ fẹ́ kí ó gbà? Omi yẹn kò níí pa ènìyàn. Oró èédú tí ojú kò rí ni ìbá pa wọ́n."

Ó wọlé, ó gun àpótí, ó fa ìdì òwú náà yọ, ó mú un jáde, ó gbé e sókè. "Ta ló ki èyí bọ ihò?"

Gbogbo wa là ń hunṣọ nílé wa. Òwú ẹnikẹ́ni ni ó lè jẹ́. Ìyàwó mi yí orí lórí ẹní tí a tẹ́ fún un níta, ó ń dúró de ìdáhùn. Màmá wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ìyàwó mi.

"Èmi ni," Màmá wí. "Ogbó dé."

Inú ilé amọ̀ ìyá ìyàwó mi ni wọ́n ti parí ogójì ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ìyàwó mi kò gbé ọmọ fún Màmá mọ́. Bí Màmá bá na ọwọ́, yóò yí ọmọ sí apá kejì. Màmá kò sọ nǹkan kan fún un, kò sì sọ nǹkan kan fún mi, títí ó fi kú.

Ìyàwó mi ṣì wà láyé. Títí dòní, bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé obìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Mo máa ń gbọ́, mo máa ń dákẹ́. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá sọ fún un?