Ẹni Tó Gba Áfí Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléédú lórí aṣọ tí a wọ́n omi sí ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Adéwọlé. Màámi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ló ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà níwájú ilé. Áfí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ló máa ń fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù náà.

Ọmọ Tógò ni Áfí. Nígbà tó dé, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló gbọ́ nínú Yorùbá, ó sì ń fi kí wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo wa a máa rẹ́rìn-ín, àfi Màámi. "Àlejò lójú, kò fi ríran," ni yóò wí, yóò di ọwọ́ Áfí mú lórí aṣọ, wọn yóò jọ gé e. Mo jowú ọwọ́ yẹn gan-an. Èmi tó bí, ìgbátí ni tèmi!

Nígbà tí Áfí mọṣẹ́ tán, ó ku fírídọ̀ọ̀mù, ayẹyẹ ìgbòmìnira ọmọ iṣẹ́, kó tó lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Òbí ló sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Tógò ń dàrú nígbà náà, ìyá rẹ̀ kò rí ọ̀nà wá. Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, Alájà tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ aránṣọ wo àga òbí tó ṣófo, ó mirí.

"Wàláì, a ò lè fa ọmọ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ta ló máa gbà á?"

Áfí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Màámi dìde lórí àga ọ̀gá. Ó bọ́ tépù ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ Alájà lọ́rùn, ó lọ jókòó sórí àga òbí. "Èmi ni ìyá rẹ̀. Alájà, ẹ bá mi ṣe ọ̀gá."

Alájà bú sẹ́rìn-ín. "Àlùbáríkà!" Ó fi sísọ́ọ̀sì lé Áfí lọ́wọ́, ó sì fà á lé Màámi lọ́wọ́.

Èmi nìkan ni inú mi ò dùn, mo fajú ro títí a fi délé. Màámi ní, "Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣé o mọ ibi tí ìwọ náà máa ti ṣe àlejò lọ́la ni?"

Èmi náà ti di ọ̀gá aránṣọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ kan yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ mi, ìyá rẹ̀ kò sì ní lè wá. Mo ti bẹ ìyá ẹgbẹ́ wa kí wọ́n bá mi ṣe ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi obìnrin gbọ́, ó fajú ro.

Mo fà á mọ́ra. Mo mọ ohun tó ń dùn ún.