Díṣì Tó Kọjú sí Kíbílà

Bàdírù ni orúkọ rẹ̀, rédíò ló ń tún ṣe ní Niger Street. Ọmọ Ọ̀ffà ni, ṣùgbọ́n Kánò ló ti hu irùngbọ̀n. Nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í ra díṣì, abọ́ irin ńlá tó ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run, òun ni wọ́n ń pè, nítorí òun ló ní mọ́nítọ̀. Àpótí kékeré ni, olójú gíláàsì, tí ìlà aláwọ̀ ewé kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Bí díṣì bá ń wo òfìfo, ìlà náà á tẹ́ bíi pápá. Bó bá kan sátẹ́láìtì, á wú sókè bí Òkè Dálà.

Ní 1981, Nurat ìyàwó rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n ní ó ń ta oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣe Hájì. Alhaji kan jíṣẹ́ lọ́dún kejì pé, "Ó ní kí n kí ọ." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Rahinat ọmọ wọn wà nílé ọkọ ní Kàdúná. Bàdírù nìkan ló kù nínú yàrá méjì. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ Yorùbá nílé mọ́, àfi rédíò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Ní 1986, Jethro oníhòtẹ́ẹ̀lì ra díṣì. Ọjọ́ Áráfà, tí Iléyá ku ọ̀la, ló ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá Rahinat, ẹ bá mi wá ìkànnì àwọn Lárúbáwá. Àwọn Alhaji ọjà fẹ́ wo Mẹ́kà."

Bàdírù yára dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bóyá òun á rí Nurat láàárín èrò, kí òun ṣáà mọ̀ bóyá ó sanra tàbí ó rù.

Ó gun òrùlé, ó gbé mọ́nítọ̀ lé búlọ́ọ̀kù, ó yí díṣì. Ìlà tẹ́. Ó pààrọ̀ wáyà. Ìlà tẹ́ síbẹ̀. Jethro gòkè wá, ó wo díṣì, ó wo mọ́sáláásí òdìkejì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ṣé díṣì yìí fẹ́ kírun ni? Àṣé Mùsùlùmí ni mo rà!"

Bàdírù wò ó. Lóòótọ́, kíbílà, ìhà Mẹ́kà tí wọ́n ń kọjú sí kírun, ló kọjú rẹ̀ sí. Ó sì mọ̀ pé sátẹ́láìtì ò dúró sórí Mẹ́kà, apá gúúsù ló wà.

"Wàláhì, ọwọ́ mi kọ́ ló yí i," ó ní. "Ọkàn mi ni."

Ó yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e sókè títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ojú ọ̀run gan-an. Òkè yọ nínú gíláàsì.

Nísàlẹ̀, àwòrán ti mọ́lẹ̀. Èrò funfun bo Áráfà bí òwú tó dà sílẹ̀. Bàdírù gbé mọ́nítọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn obìnrin ń kọjá. Gbogbo wọn jọ Nurat, kò sí Nurat níbẹ̀. Ọ̀kan wá kọjá tó gbé agbada oúnjẹ lérí, láìfọwọ́ dì í mú, bí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe. Ẹ̀yìn ló kọ sí wọn.

Jethro, tó mọ ọ̀rọ̀ Nurat, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ pè é, bóyá ó lè yíjú."

"Díṣì ń gbà ni, Jethro. Kì í ránṣẹ́."

Obìnrin náà wọ inú èrò lọ.

"Ẹ dúró jẹun, Bàbá Rahinat."

"Mo ń gbààwẹ̀ Áráfà."

Ó ká wáyà mọ́ mọ́nítọ̀, ó dìde, ó lọ.