Bàtà Pupa Tí Góòmù Rán

Góòmù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin kan tó ń rán bàtà, torí kò sí bí ẹ ṣe máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí ọwọ́ yín ò ní lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà wá mú ẹ̀gbọ́n yìí, Góòmù ní òun lòun máa tọ́jú rẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dá sí i.

Ilé ìfọṣọ kan ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń lọ aṣọ, orí ìdúró ló sì ti ń ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, á yà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Góòmù á nu ọwọ́, á gún un níka, àwọn méjèèjì á sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

“Àǹtí mi, ó dáa! Ṣúgà yín dà bíi ti ọmọge.”

“Ìwọ mà ni dókítà mi,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wí, orí Góòmù á sì wú.

Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ṣúgà nìkan kọ́. Ó ní kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ara ò bá yá, kí wọ́n wo bó ṣe gbóná sí àti bí ọkàn ṣe ń sáré sí. Ó tún ní kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ wò dáadáa, torí ẹsẹ̀ obìnrin náà ti kú tìpìrì, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìfúnpá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní ó ń fún òun lápá jù. Góòmù bá gbé e sábẹ́ tábìlì, láàárín àjákù awọ.

“Bí ṣúgà bá ti dáa, kí la tún ń wá kiri?” ló wí.

Lẹ́yìn náà ló rán bàtà pupa kan fún un, awọ rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ṣọ́ọ̀bù tòun ti aṣọ òtútù lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti yọ. “Òtútù ń mú mi, àbúrò mi.” Nígbà tí Góòmù di ìka rẹ̀ mú, ó gbóná janjan. Ṣúgà gòkè díẹ̀, àmọ́ kò kọjá ibi tí dókítà ní kó mọ. Oníbàárà kan sì dúró, ó ń kánjú.

“Ooru áyọ́ọ̀nù yín ló ti wọ̀ yín lára,” ni Góòmù fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń sọdá títì, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n pè é pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣubú níbi iṣẹ́. Nílé ìwòsàn, ibà ti gba gbogbo ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń sáré kìtìkìtì, ìfúnpá rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà. Wọ́n bọ́ bàtà pupa náà. Egbò wà lábẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti dúdú, ó ti ń rùn. Kòkòrò àìsàn ti gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n gé ọmọ ìka náà. Lóde, Góòmù ti ọwọ́ bọ inú bàtà, ó sì kan orí ìṣó kékeré kan tó yọ. Ibẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a, tó dì mọ́ ọn.

“O ṣé, àbúrò wa. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ tó ò ń tọ́jú rẹ̀.”

Góòmù ti bàtà náà bọ abẹ́ ẹ̀wù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè jókòó, Góòmù dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Àǹtí mi, èmi ni mo fa èyí. Ìṣó wà nínú bàtà tí mo rán fún yín. Ara yín gbóná lọ́wọ́ mi, mo sì fi ṣẹ̀fẹ̀.”

Obìnrin náà fà á lọ́wọ́. “Dìde. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀ mi tipẹ́. Mi ò sọ, kó o má baà rò pé bàtà rẹ ò dáa.”

Góòmù ti rò pé bóun bá jẹ́wọ́, ara á fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá pa á. Ẹni tóun ní òun ń tọ́jú ló ń ṣàánú òun! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin náà sì yan án lódì.

Ní báyìí, orí àga ni ẹ̀gbọ́n ti ń lọ aṣọ. Góòmù ló ń lọ sílé rẹ̀ láràárọ̀. Á wọn ìfúnpá, á di ọrùn ọwọ́ mú kó gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, á sì wo abẹ́ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ṣúgà dáa, ara ò gbóná, ṣùgbọ́n ìfúnpá ga. Wọ́n sinmi, wọ́n tún un wọ̀n, kò wálẹ̀.

“Orí ò fọ́ mi o. Jẹ́ n máa lọ síbi iṣẹ́.”

“Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín, àǹtí mi, àmọ́ ilé ìwòsàn là ń lọ.”

Nọ́ọ̀sì ní ó dáa bí wọ́n ṣe tètè wá, dókítà sì pààrọ̀ oògùn rẹ̀. Wọ́n yin Góòmù. Ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí wọ́n jáde, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé mọ́tò wá. Ó ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ó dúró díẹ̀, ó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

“Wọlé, ká jọ máa lọ.”

Góòmù wọlé. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n sì forí lé ilé.