Iná Ìdúpẹ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Oko Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo fi jáde ní Ìgbóná, l'Óṣogbo. Ọkọ mi, akọ̀wé rélùwéè, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Délé, ṣé torí iṣu sísun lo ṣe ń sáré báyìí?" Ṣílè méjì ni mo san fún bọ́lẹ̀kájà dé Iléṣà. Ní òkè kan, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gùn ún. Mo wọ òmíràn dé ilé ìyá mi n'Íjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Ìdúpẹ́ ìkórè ibẹ̀ kì í ṣe ti aṣọ tuntun bíi tiwa l'Óṣogbo. Kíjìpá, aṣọ òfì àtijọ́ tó nípọn, ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé oko tí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà, wọ́n á sun iṣu tuntun níbẹ̀ bí àwọn baba wọn ti sun ún. Wọn kì í ṣáná síbẹ̀. Ẹ ṣáà ti gbọ́ ọ rí: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Láti ìgbà ọmọge ni ìyá mi ti ń gbé iná náà. Lọ́dún yẹn orúnkún rẹ̀ kọ̀, ló bá ní èmi ni kí n gbé e.

Bàbá ìjọ wò mí tòkè tilẹ̀. "Ará Òṣogbo yìí? Ó dáa. Bó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ilé mìíràn ni yóò máa gbé e o."

"Kò ní í kú, bàbá." Inú ń bí mi gan-an.

Ìyá mi kó ẹyin iná sínú ìkòkò, ó da èésan, pàǹtí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀, lé e kí iná má bàa kú. Àwọn tó ru iṣu ti ṣíwájú. Mo kù díẹ̀ kí n dé odò nígbà tí òjò dé lójijì. Mo tú ìró mi bo ìkòkò náà, ó já sí pàbó. Eérú tútù ló kù.

Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró. "Àǹtí, ìṣáná rèé. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi ni n ó mọ̀. Ẹ ṣeun."

Mo yí padà sílé. Ìyá mi ò bú mi. Ó kó iná mìíràn, ó wá ọmọrí sí i. "Tètè o, ọmọ mi. Ebi á ti máa pa wọ́n." Omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ti ń lọ.

Oòrùn ti yí kí n tó débẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ti jẹun tán, kí wọ́n sì ti fún ilé mìíràn ní iṣẹ́ wa. Àṣé gbogbo ìjọ ló jókòó ti iṣu tútù, tí àwọn ọmọdé ń sunkún ebi. Bàbá ìjọ fúnra rẹ̀ ló bá mi sọ ìkòkò kalẹ̀. "Ọmọ wa ti dé. Ẹ kó igi wá."

Ó pẹ́ tí mo ti ń pe ara mi ní ará Òṣogbo. Ìrìn àjò yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìlú mìíràn ṣì ń kà mí mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ìgbóná, tí mo ròyìn fún ọkọ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ní ìṣáná nínú gbogbo wọn ni?"

"Wọ́n ní in, Bàbá Délé. Èmi ni wọ́n ń dúró dè."