Irun Tí Wọ́n Sin

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, n óò kọ́kọ́ jáde síta wo ojú ọ̀run kí n tó kó aṣọ tí mo sá. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyàwó tí àwọn fẹ́ wọlé yìí, bó bá ra iyọ̀ lọ́jà, yóò tọ́ ọ wò lójú ẹni tó tà á, bó bá délé, yóò tún tọ́ ọ wò. Wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Ẹ sì wo ìgbà tí mo bá pàdé. Láyé ọ̀dọ́ mi ní Ìsẹ́yìn, kò sí ọdún tí nǹkan àràbarà kan kò ní dé, tí wọn yóò ní ká gbà á gbọ́ wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo tẹ̀lé ìyá mi lọ ta aṣọ òfì ní Ọ̀yọ́, wọ́n fi wáyà kan hàn mí lórí òpó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí Ìbàdàn. Mo fi etí lé òpó náà títí ọrùn fi ń dùn mí. Ó kàn ń kùn ni. Mo ní ọ̀rọ̀ wo lẹ ń wí, ṣé èyí lọ̀rọ̀? Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀, ojú ń tì wọ́n.

Giramafóònù tí akọ̀wé kóòtù gbé dé ló wá burú jù. Ìrọ̀lẹ́ ni akọ̀wé máa ń gbé e síta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì pé lé e lórí, ohùn òyìnbó kan á máa kọrin nínú rẹ̀ bí ẹni tí inú ń run. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi yí lọ sẹ́yìn ilé, mo yọjú lójú fèrèsé, mo wá ẹni tó ń kọrin títí, n ò rí i. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó ní inú àwo dúdú pẹlẹbẹ yẹn ni ohùn ọkùnrin náà wà, pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ń bẹ láàyè nílùú òyìnbó, ó ń jẹun. Mo ní irọ́ ni. Nǹkan ara èèyàn kì í kúrò lára rẹ̀ kó wá máa dá rìn kiri ayé, kí ẹni tó ni ín ṣì máa jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bọ̀ wá bá mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun àwọn òyìnbó dé. A ò mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń jà. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ìránṣẹ́ wá sílé wa, wọ́n ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ọkùnrin kan wá tí yóò máa ru ẹrù fún àwọn ṣọ́jà. Ọkọ mi ni ó kàn. Ẹ gbà mí! Ẹni tó ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò ru ju ìdì òwú lọ rí! Wọ́n ní wọn yóò fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kamẹrúùnù. Mo bi wọ́n pé ta ló ti lọ débẹ̀ tó padà wá sọ. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n kọjá sí ilé kejì.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Òtu, ni wọ́n jọ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, bàbá ọkọ mi pe àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì mú wọn ṣèlérí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: bí èèyàn bá kú sọ́nà jíjìn tí a ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í wá sílé, ìyẹn la ó sì sin bí ẹni sin òkú gan-an. Bí a ò bá rí ìyẹn sin, a jẹ́ pé olúwarẹ̀ ò délé. Àwọn méjèèjì búra pé ẹni tó bá ṣẹ́kù á gbé ti ẹnìkejì wálé. Ni wọ́n bá lọ.

Ọ̀rẹ́ nìkan ló padà. Ó gbé ìdì funfun kékeré kan sílẹ̀ níwájú bàbá ọkọ mi. Yéè! Igbe ta nínú ilé wa. Ìyá ọkọ mi fi ara lulẹ̀. Èmi náà sunkún, ẹ má rò pé mi ò sunkún, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sunkún náà, ojú mi ò kúrò lára ọkùnrin ará Òtu yẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ rí i tó kú?" Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi gé e lórí rẹ̀." Mo tún bi í. Ó tún wí bákan náà. Mo ní há à, ohun tí mo bi í kọ́ ló ń dáhùn yìí.

Wọ́n sin irun náà sẹ́yìn ilé. Wọ́n ṣe òkú, wọ́n jẹ, wọ́n mu, mo sì wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tí mo bọ́ ọ tán, àwọn àgbà ilé pè mí, wọ́n ní kí n lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi, bí wọ́n ti ń ṣe fún opó nígbà náà. Ọmọkùnrin tí mo ti ń pè ní Ọkọ Mi Kékeré láti ọjọ́ tí mo ti wọlé! Òun alára kò lè wò mí lójú. Mo ní èmi ò lọ. Mo ní ẹni tí mo bi bóyá ọkọ mi kú, ìtàn irun ló ń sọ fún mi, n ò tíì di opó. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ti yí mi lórí. Wọ́n fún mi láàyè títí di ìgbà ìkórè, pé bó bá di ìgbà yẹn, wọn ò ní bi mí mọ́.

Kí ìkórè tó dé ni mo gbọ́ agogo kan lójú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Ọkùnrin kan tó wọ kákí ló gùn ún, ó rù kan egungun, ó ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn. Ó sọ̀kalẹ̀ níwájú àtíbàbà àwọn ahunṣọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-fún-mi. Àwọn tó wà lórí òfì já òwú sílẹ̀ tí wọ́n ń sá. Ọkọ mi ni! "Akúdàáyà! Akúdàáyà!" ni gbogbo wọn ń ké. Òkú tó kú sí ibì kan tó tún ń gbé láyé níbòmíràn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, a sì mọ ìtàn wọn dáadáa: wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń fẹ́yàwó, wọ́n ń bímọ, àfi kí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti kú má rí wọn. Ẹni tó bá sì gbà wọ́n sílé, àwọn àgbà ní kì í pẹ́ bá wọn lọ.

Bàbá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jáde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ti sin ọ́. A ṣe gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe. Má bínú sí wa. Jọ̀ọ́, máa lọ sí ìlú tí wọn ò mọ̀ ọ́."

"Bàbá, èmi ni o! Mi ò kú!"

Ó ṣàlàyé. Ó ní ìbà ló gbé òun dè, wọ́n sì gbé òun sílé ìwòsàn àwọn ṣọ́jà, ibẹ̀ ni òun ò ti mọ ara òun mọ́. Ìgbà tí òun máa jí, ìdajì orí òun ti di fífá, èékánná ọwọ́ òun ti di gígé, wọ́n sì ti kó àwọn ẹgbẹ́ òun padà sílé. Ó ní àwọn tó ń tọ́jú òun ló wá sọ ọ́ fún òun: ọ̀rẹ́ òun rí i pé wọ́n ń kó àwọn lọ, wọ́n sì sọ fún un pé aláìsàn náà kò ní rí ọjọ́ kejì. Ó bẹ̀rù kí ìlérí náà má yẹ̀. Ló bá gé irun ẹni tó ṣì ń mí sílẹ̀ de ikú.

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi létí, ó sì wọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ẹlẹ́rìí? Wọ́n ránṣẹ́ sí Òtu, wọ́n ní ọ̀rẹ́ ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí apá Ìlọrin. Àwọn ará ilé wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ lo ní kò kú. Ó yá, gbà á wọlé." Mo fẹ́ sáré dì mọ́ ọn, kí n má tan ara mi jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ní ó kú, mi ò gbà láìrídìí. Tó bá wá ní òun ò kú, kí ló dé tí n óò fi gbà láìrídìí? Bí mo bá ṣì í, ilé gbogbo ni yóò kàn. Bí a bá sì lé alààyè lọ ńkọ́?

Mo ní, "Ẹ fún mi lábẹ."

Mo sọ fún bàbá pé irun ni a sin. Bó bá jẹ́ òkú ni, irun rẹ̀ ti bá a parí sínú ilẹ̀, òmíràn ò ní hù. Bó bá hù, ara alààyè ló hù ú. Èyí tó wà lórí rẹ̀ nísinsìnyí, kò sí ẹnì kan nínú wa tó rí i bó ṣe hù. Kí n fá a kanlẹ̀, kó wà nínú àtíbàbà, ká máa wò ó. Bàbá ronú títí, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà bá tún pé tí orí bá ń dán síbẹ̀, kó máa lọ. Wọ́n ti ń di èlùbọ́ tí yóò fi rìn.

Ọkọ mi wo abẹ, ó wò mí. "Ìwọ náà?"

"Èmi náà."

"Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí nítorí rẹ, o wá fẹ́ fá mi lórí bí ẹni fá òkú?"

"Tẹ orí ba jẹ́ẹ́," ni mo wí. Mo gé e lára díẹ̀ lẹ́bàá etí. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn kan ní ìyẹn tó, àwọn kan ní akúdàáyà náà ń ṣẹ̀jẹ̀.

Àràárọ̀ ni mo ń lọ fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, gbogbo ilé á dúró lókèèrè máa wò mí. Ọjọ́ kìíní, ó ń dán. Ọjọ́ kejì, ó ń dán. Kò bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ kí n sún sẹ́yìn. Inú bí mi sí irun rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi, mo ní hù, jọ̀ọ́, hù. Nígbà tí ọjà kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e, nǹkan kan gún mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ pa á síwájú, mo pa á sẹ́yìn. Ó gún mi. Mi ò lè gbé ọwọ́ kúrò ńbẹ̀. Omi ń dà lójú mi pòròpòrò. Ó ní, "Ṣé o ti gbà báyìí?" Mo ní kó jẹ́ n tún fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré wá, bàbá tẹ̀lé wọn, kí n tó mọ̀, gbogbo agbo ilé ti tò, wọ́n ń fọwọ́ pa orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rẹ̀ ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ láìtọrọ, ó sì lọ forí sọ ìdí òfì, a tún rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ará Òtu padà dé nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ọkọ mi sì fà á dìde. Bàbá ní a ò ní hú ohun tí a sin. Títí ayé ni ọkọ mi fi ń kí sàréè ara rẹ̀ bó bá ń kọjá lẹ́yìn ilé.

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ó hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Èmi ló sì ń fá orí fún un, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, ó ní èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ń wá ńbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé ẹ̀kọ wọlé fún un tí kò dáhùn. Àwọn ọmọ ránṣẹ́ pe àlùfáà, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi lábẹ. Wọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi. Mo fá a kanlẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, mo sì jókòó tì í. Àkọ́bí wa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ìyá, ó tó báyìí, àwọn èèyàn ń dúró." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la ná, irun rẹ̀ kì í tètè hù.