Ẹ̀rọ Orin Tó Tan Ara Rẹ̀

Bí bọ́tìnnì iná bá ti dún "kẹ́", ọ̀sán ọjọ́ kan nílé ìyá àgbà mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá àgbà ni. Èmi àti ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ orin bàbá dún "kẹ́", tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

"Ìwọ lo tàn án?"

"Rárá, Màmá."

Màmá wọ́n omi mímọ́ sí i, orin ò dákẹ́. Mo yọjú sẹ́yìn rẹ̀, mo rí kọ̀ǹpútà kékeré kan bíi páálí ìṣáná, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Màmá pe Bọ̀dá Dàpọ̀, àbúrò ìyá mi tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wá. "Kí lo so mọ́ nǹkan ọkọ mi?"

Bọ̀dá ń wolẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ jí i tà ni.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Bọ̀dá ti ṣètò kọ̀ǹpútà náà kó máa tan orin ní aago tí bàbá máa ń tàn án fún ìyàwó wọn.

Màmá na ọwọ́ láti fa wáyà yọ, wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n sì dá ọwọ́ dúró. Wọ́n jókòó.

"Lọ́la ńkọ́?" ni wọ́n bi Bọ̀dá.

"Aago yìí náà ni, Màmá."