Ìyá Ọkọ àti Àmì Orí "o"

Ọkọ mẹ́rin ló sọ ọ́ dẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ọkọ mẹ́rin o. Kò fẹ́ ẹyọ kan rí. Ọdún kẹta tó di atẹ̀wé ní Ilé Iṣẹ́ Ààbò ni wọ́n gbé lẹ́tà àwọn ọmọ ogun ojú omi fún un pé kó tẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin ni àwọn èèyàn náà ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé iṣẹ́ náà kò ní àmì ohùn. Bírò ni atẹ̀wé fi ń fà á sí i lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ náà, ó ń kánjú. Ó fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ó fo ẹyọ kan. Bí akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe dìde nìyẹn, tó gbóhùn sókè, tó kà á bó ṣe bá a: "Àwọn ọmọ ogun ojú omi ń fẹ́ ọkọ tuntun mẹ́rin, tó lágbára, tó sì lè sáré."

Aṣòfin kan ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìyàwó wọn nílé ti gbọ́ sí i. Òmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní méjì ná, ká wò ó bóyá wọ́n á lè tọ́jú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àsìkò fi lọ, wọ́n sì sún ọ̀rọ̀ náà sí ọdún tó ń bọ̀. Odindi ọdún kan ni àwọn ọmọ ogun ojú omi kò fi rí ọkọ̀ gùn, nítorí àmì tí kò gùn tó ẹsẹ̀ èèrà.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ọkọ. Àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ náà, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lánàá, á kúnlẹ̀ yẹ̀yẹ́ níwájú tábìlì rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ọkọ. Ẹ má bínú sí wa lónìí." Òun náà á dáhùn pé, "Ẹ dìde. Ọmọ mi ò tíì sọ pé òun ń fẹ́ yín." Kò sì lọ́mọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún un nígbà tí ọmọ náà kò tíì rìn. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló mú un lọ síléèwé, òun náà ló sunkún jù lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọ iṣẹ́ ológun. Ó ti di sájẹ́ńtì báyìí, ó wà ní ibùdó kan létí odò tó pààlà, òun àti ọkùnrin mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kan.

Ní ti àmì, Ìyá Ọkọ kò tún fo ẹyọ kan mọ́. Bírò dúdú wà lẹ́yìn etí rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Bí ẹnì kan bá lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn pé "E ti ilekun," á dìde, á fàmì sí i, á sì tún jókòó. Wọ́n ní ó máa ń fàmì sórí ìwé ìkíni ọjọ́ ìbí kó tó dúpẹ́.

Yàrá rẹ̀ wà ní àjà kẹta. Ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ kan kúrú, ó sì ti ká ìwé Ìlànà Ààbò mínísítà kan tó ti lọ tipẹ́ sí mẹ́rin, ó fi tì í nídìí. Ìlànà mẹ́ta ló ti tẹ̀ láti ìgbà tó débẹ̀. Mínísítà àkọ́kọ́ wá láti àárín òkè. Ìlànà tirẹ̀ sọ pé orí òkè ni ewu ti ń bọ̀, ó sì kọ́ bárékè síwájú ilé bàbá rẹ̀. Ti ìkejì kò rí ewu kankan lórí òkè. Pápá ló ti rí i, níbi tí wọ́n ti dìbò fún un. Ìkẹta ní àna tó ń ta àgọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìlànà tirẹ̀ fi sọ pé ọmọ ogun tó bá gbóná kì í gbé inú ilé. Ọ̀tá kan náà ni wọ́n jọ ń sọ o. Ìyá Ọkọ kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, ó ń fàmì sí i, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè bí ọ̀tá ọ̀hún ṣe ń mọ ìlú tí mínísítà ti wá.

Mínísítà kẹrin ní tirẹ̀ kì í jà. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló para pọ̀ ṣèjọba lákòókò rẹ̀. Ọ̀kan ti búra fáwọn olùdìbò pé gbogbo ọmọ ogun tó wà létí odò ni yóò padà wálé. Èkejì ti búra pé ẹyọ kan kò ní kúrò. Àwọn atẹ̀wé ń pe àkọ́kọ́ ní Ẹ-padà, wọ́n ń pe èkejì ní Ẹ-dúró. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi jiyàn, tí tíì ń wọlé, tí ife ń jáde. Lọ́jọ́ kejìlá ni mínísítà gun àtẹ̀gùn wá fúnra rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́.

"Màmá, a ti parí ẹ̀. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ìyá Ọkọ wò ó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "A o ko awon omo ogun kuro ni eti odo."

Ó yọ bírò lẹ́yìn etí. "Àmì wo ló wà lórí 'o' yìí, sà?"

"Kò sí àmì níbẹ̀, Màmá."

"Mo rí i pé kò sí, sà. Mo ní èwo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 'a ó kó', wọ́n ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 'a ò kó', wọn ò kúrò. Nínú ìwé ìjọba gan-an, 'a kò' là ń kọ. Bí ẹ bá kọ 'a kò', kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà."

"Ọjọ́ méjì la fi yọ lẹ́tà 'k' yẹn kúrò, ẹ má wá dá a padà."

"Odo yìí ńkọ́, sà? Ṣé etí odò ni àbí etí odó?"

"Màmá, ta ló ń fi ọmọ ogun ṣọ́ odó?" Mínísítà rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí. Bírò yín ò gbọdọ̀ kàn án. Ohun tó pa wá pọ̀ nìyẹn."

Àṣẹ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ láìfàmì. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un títí tó fi délé.

Inú gbogbo èèyàn dùn. Ẹ-padà sọ fáwọn èèyàn tiwọn pé àwọn ti ṣe é, àwọn ọmọ ń bọ̀ nílé. Ẹ-dúró sọ fáwọn èèyàn tiwọn pé àwọn ti ṣe é, ẹnikẹ́ni kò kúrò. Ibi tí ayọ̀ kò dé ni ibi tí ìwé náà ń lọ. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni sájẹ́ńtì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé à ń bọ̀ ni àbí à ń dúró?"

"Kí ni ọ̀gá yín sọ?"

"Ọ̀gá wa kà á sí 'ó', igbákejì rẹ̀ kà á sí 'ò'. Ọ̀gá ní ká tú ilé ìdáná, igbákejì ní ká tún un kọ́. A ti kó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sínú àpótí, a sì ti kàn án pa. Ìdajì wáyà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ la ti ká. Àpò iyẹ̀pẹ̀ tí à ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, apá kan wà nílẹ̀, apá kan wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn tó máa ń wá jí ẹran kó láti òdìkejì ti ń jókòó sétí omi báyìí, wọ́n ń wò wá bí ẹni wo bọ́ọ̀lù."

"Wọ́n pọ̀?"

"Lánàá, mo kà tó ọgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi, bá a bá máa lọ, ká lọ. Bá a bá máa dúró, ẹ jẹ́ n lọ ṣí àpótí ẹ́ńjìnnì. Mi ò lè fi 'o' jà. Ta ló tiẹ̀ tẹ ìwé yìí gan-an? Ó dà bí ẹni tí kò lọ síléèwé."

Ìyá Ọkọ gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ bá mínísítà.

"Ẹ yan èyí tó wù yín, sà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa bọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àmì kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ."

"Màmá, àmì yẹn máa wó ìjọba."

"Àìsí ẹ̀ máa wó àbúrò mi, sà."

Mínísítà wo òrùlé, ó wo bàtà rẹ̀, ó sì rántí pé òun ní ìpàdé.

Ìyá Ọkọ padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó, ó fi ìbínú gbá tábìlì. Tábìlì mì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ti ìwé tó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì rí iṣẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó fà á yọ. Tábìlì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ife tíì yọ̀, kò bìkítà. Ní ojú ewé kẹsàn-án, òfin kan wà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ nígbà mínísítà tí àna rẹ̀ ń ta àgọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rántí fagi lé: àṣẹ yòówù tó bá kan ìdúró tàbí ìrìn ọmọ ogun, mínísítà fúnra rẹ̀ ni yóò kà á sókè fún ibùdó náà lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ibùdó náà yóò sì kà á padà fún un.

Ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn lè kọ gbólóhùn náà láìfàmì sí i. Kò sí Yorùbá tó lè là á lẹ́nu láìfi ohùn sí i.

Ó mú un lọ bá ọ̀gágun àgbà, ẹni tí kò tíì mọ ibi tí yóò kó oúnjẹ àwọn ọmọ ogun lọ láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀gágun kà á, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. "Ìyá Ọkọ," ó ní, "láti òní lọ, èmi náà á máa kúnlẹ̀ kí yín."

Òfin ni, mínísítà kò lè sá fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kà á, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nínú yàrá ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ilé, tí fáànù kan ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Àwọn alága ẹgbẹ́ méjèèjì wá, kí ẹnì kan má bàa rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ìyá Ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun àti ìwé àṣẹ náà, àti bírò. Ohùn tó ti etí odò wá ni ti àbúrò rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Mínísítà sún mọ́ ẹ̀rọ. "A... hẹn-hẹn... kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní etí odò."

"Sà," ni ohùn sájẹ́ńtì wí, "'hẹn-hẹn' kò sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ wa."

Ó tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí ó fa ohùn rẹ̀ gbọọrọ láàárín, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé 'ó' ni àbí 'ò'? Àwọn ará òdìkejì ti dìde lórí ìjókòó wọn."

Òógùn bo mínísítà. Ó yíjú sí àwọn alága bí ọmọ tó ń wá ìdáhùn lójú olùkọ́. Alága Ẹ-dúró ranjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú. Alága Ẹ-padà, tó ti jẹun yó, ti gbé àgbọ̀n lé àyà. Ó ń hanrun.

"A ò," ni mínísítà sọ, wéréwéré. "A ò kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní etí odò."

"A ò kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní etí odò. Mo gbọ́ yín, sà!" Lẹ́yìn ohùn náà, wọ́n ń gbọ́ bí irin ṣe ń ṣí pákó: àpótí ẹ́ńjìnnì. Kó tó parí, bírò Ìyá Ọkọ ti balẹ̀ sórí "o", ó ti òsì sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún fàmì sórí ìyókù. Kò sí ohun tó ń lé e lọ́jọ́ yẹn.

Alága Ẹ-padà ta jí. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ka ìwé náà bó ṣe wà, sà," ni ọ̀gágun dá a lóhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó fi mọ ohun tó gbà pé ó dáa, wọ́n ti kan ilé ìdáná padà létí odò, ọkọ̀ sì ti wà lórí omi. Àwọn olùwòran òdìkejì kó ẹní wọn, wọ́n lọ. Ìjọba kò wó. Ó kàn fì díẹ̀, bíi tábìlì. Ẹ-padà fẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó hú òfin náà jáde, ṣùgbọ́n èèyàn kò ṣeé lé nítorí pé ó ka ìwé ìjọba. Mínísítà wá gbé e ga: ó fi í ṣe olórí gbogbo atẹ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí bàtà àwọn ọmọ ogun. Atẹ̀wé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Òun ni.

Sájẹ́ńtì pè é lọ́sẹ̀ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé tuntun dé. Ẹni tó tẹ èyí lọ síléèwé dáadáa."

"Ó ń gbìyànjú," ni Ìyá Ọkọ sọ.

Nígbà tí a gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí bàtà náà, yàrá kejì lápá òsì, nídìí fèrèsé, ó ń kọ orúkọ sára páálí bàtà.